Ilà Bóòtù

Mo lọ sí Géètì láàárọ̀ Sátidé.
Ọmọkùnrin tó ń ta irin àlòkù da garawa kan sílẹ̀ níwájú mi,
ó ní, "Ẹ wá tiyín níbẹ̀, bàbá. Èyí tẹ́ ẹ ń wí yẹn,
àwọn tó ń se é ti kú tán."

Mo fi ojú wá a, mo fi èékánná wá a.
Àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́ jù, bí ọmọ tí wọ́n tètè já lẹ́nu ọmú.
Àwọn kan sanra, wọ́n sì gùn kọjá ààlà.
Mẹ́ta nínú àwọn tó sanra ni mo rà,
nítorí mo mọ ara mi.
Ènìyàn lè mú kí irin rù;
n ò tí ì rí ẹni tó bọ́ irin kó sanra.

Ẹ̀rọ ìránṣọ Ráfátù ló dákẹ́.
Bóòtù tó so pẹ́dà mọ́ ọ̀pá já bọ́ síbi tẹ́nìkan ò mọ̀,
yúnífọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá sì wà nílẹ̀, aláwọ̀ ewé,
iléèwé á wọlé lọ́jọ́ Ajé.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, téèpù lọ́rùn,
ó ní, "Ẹ sáà bá mi se nǹkan kan sí i."
Nǹkan kan! Bí ẹni pé nǹkan kan ń bẹ láyé yìí
tó rọrùn tó orúkọ yẹn.

Abẹ́ àtíbàbà mi l'Ókè-Àrẹ̀mọ,
fáìsì jókòó sórí kùkùté máńgòrò.
Mo fi awẹ́ agolo mílíìkì bò ó léyín
kó má baà bu bóòtù jẹ,
mo wá gbé ayùn irin.
Ó ké bí ewúrẹ́ tó há sínú ọgbà.
Ìyókù di ti fáìlì,
fáìlì kì í sì gba ìwàǹwára:
àlọ ló ń jẹ irin; àbọ̀, òfìfo ni.
Ọgbọ̀n ọdún tí mo lò ní rélùwéè,
ẹ̀kọ́ tí mo mú bọ̀ wálé kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ilà.
Bóòtù tí kò kọlà, ihò wo ni yóò mọ̀ ọ́n lọ́mọ?
Mo gbé dáì lé e lórí bí olóólà,
mo yí i síwájú, mo dá a padà díẹ̀, mo tún yí i,
epo ẹ́ńjìnnì ni mo fi ṣe omi ìgbín rẹ̀.
Ojú tèmi dán; wọ́n ti ṣíwọ́ ilà kí n tó dáyé.
Ọwọ́ mi nìkan ló kọlà.

Àkọ́kọ́, mo fún un títí ọrùn rẹ̀ fi kán.
Ráfátù fi etí ìró bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ìkejì, ilà rẹ̀ wọ́. Mo mọ̀ kí n tó dé ìdajì,
mo sì tún ń bá a lọ. Ìwà àgbà.
Nígbà tó kan ìkẹta, mo kọ́kọ́ fi táàpù tún ihò ẹ̀rọ pàápàá gbẹ́,
kí ihò àti bóòtù lè máa sọ èdè kan náà.
Ó wọlé. Kò pariwo,
bí ẹni tó mọ yàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Lóru Àìkú mo ń gbọ́ ẹ̀rọ náà láti orí ibùsùn,
ó ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ.
Kí n má purọ́, n ò tètè sùn.

Ọjọ́bọ̀ ló padà dé, ó di ọwọ́ kan.
Ó ṣí i: bóòtù àtijọ́, ìdọ̀tí òwú wé e lára.
Abẹ́ àpótí tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó lé ló ti rí i.
A dán an wò. Ó ń mì lọ́tùn-ún lósì,
ihò ti kúrò ní ìwọ̀n rẹ̀.
"Sé kí n sọ ọ́ nù?"
Mo gbà á. Agolo Bọ́nfítà kan wà lórí pẹpẹ mi,
mo jù ú síbẹ̀, ó dún láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.
A kì í mọ̀, ẹ̀rọ kan lè tún máa wá irú rẹ̀ bọ̀.
Ó kéré tán, òun ti kọlà.